Ìmọ̀ràn Tí A Ń Gbà Nígbà Tí A Bá Ń Wá Iṣẹ́

Ìwé Kíkà: Rúùtù 2:1-23; 1 Àwọn Ọba 12:1-16; Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 21:8-14

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Òwe 15:22

Ìdí Ẹ̀kọ́ Yìí: Kí a lè mọ bí a ṣe ń yẹ ìmọ̀ràn wò kí a tó gba iṣẹ́ kan tàbí kí a tó kọ̀ ọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Kò sí ẹni tí í wá iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa tí kò ní olùdámọ̀ràn. Bí ọmọ bá ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan, ìmọ̀ràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé e lórí bí òjò. Bàbá yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni kí ó wá. Ìyá yóò ní kí ó má lọ jìnnà sí ilé. Àbúrò bàbá tí ó wà ní Èkó yóò ní kí ó máa bọ̀, pé ibi tí yóò sùn kò ní ṣòro. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní òun ti ń kó owó jọ láti lọ sí òkè òkun, kí òun náà tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì dé ilé ìjọsìn, ẹnì kan lè fà á sí ẹ̀yìn ilé pé òun rí ìran nípa rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ẹ̀kọ́ yìí, ó lè jẹ́ ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ó lè ti tó oṣù mẹ́ta, ó sì lè ti tó ọdún mẹ́ta, tí o ti ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ kiri. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wíwá, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ ni yóò máa dà bí ọ̀nà lójú rẹ̀. Nínú Mátíù 20, Jésù sọ nípa àwọn tí wọ́n wà ní ìdúró títí di wákàtí kọkànlá nítorí pé kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́. Nígbà tí ọlọ́gbà náà gbọ́ ìdáhùn wọn, kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ó rán wọn lọ sínú ọgbà. Mo fẹ́ kí o rántí èyí kí a tó lọ síwájú, nítorí àwọn kan wà tí ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ràn kò ju èébú lọ, kò sì yẹ kí o gbé irú rẹ̀ sọ́kàn.

RÚÙTÙ ÀTI NÁÓMÌ

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. A máa ń ka ìwé Rúùtù bí ìwé ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó kún inú orí kejì rẹ̀. Opó méjì ni wọ́n, kò sí oúnjẹ nílé, ọ̀kan ti dàgbà, èkejì sì jẹ́ àjèjì láti Móábù tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú. Òfin Mósè fi àyè sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò láti máa pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú Léfítíkù 19:9-10. Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ nìyẹn. Rúùtù fúnra rẹ̀ ni ó dá a lábàá pé òun yóò lọ. Náómì kò kọ̀ fún un, kò sì yan oko fún un. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ó fi dá a lóhùn, pé kí ó máa lọ.

Kíyè sí àkókò tí Náómì tó sọ̀rọ̀ gan-an. Ó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Rúùtù ti padà dé pẹ̀lú nǹkan bí òṣùwọ̀n éfà kan ọkà báálì. Náómì kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ó gbọ́ orúkọ Bóásì ni ó tó mọ ohun tí yóò wí, nítorí ó mọ ọkùnrin náà, ó mọ ìdílé rẹ̀, ó sì mọ bí oko Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti rí fún obìnrin tí kò ní alágbàwí. Ní ẹsẹ 21, Rúùtù ròyìn pé Bóásì ní kí òun máa wà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òun. Ní ẹsẹ 22, Náómì dáhùn pé ó dára kí ó máa bá àwọn ọmọbìnrin Bóásì jáde, kí wọ́n má baà ṣe é ní ibi ní oko mìíràn. Ẹ wo bí ìyá àgbà yìí ti rọra yí ọ̀rọ̀ náà padà! Kò bá ọmọ jà. Ó fi ibi tí ewu wà hàn án, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Rúùtù gbà, ó sì dúró níbẹ̀ títí ìkórè báálì àti ti àlìkámà fi parí.

Ìmọ̀ràn yìí níye lórí nítorí pé ẹni tí ó gbà á nímọ̀ràn fẹ́ràn rẹ̀, ó mọ ìlú, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí o tó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ lè má mọ ọ̀nà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà lè má bìkítà fún ọ. Ẹlòmíràn sì wà tí ó fẹ́ràn rẹ, tí ó tún mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí kò ní sùúrù láti béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, iye tí wọ́n fẹ́ san àti ibi tí ìwọ yóò máa gbé, kí ó tó dájọ́. Bí o bá mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, ìwọ yóò mọ ohun tí o lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

BÀBÁ NÍ IṢẸ́ ÌJỌBA NI

Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù ní ilé wa, kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn òmùgọ̀. Wo ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ní ìgbà méjèèjì, olùkọ́ kò tó. Ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí kò rìn jìnnà kí ó tó ríṣẹ́. Iṣẹ́ gan-an ni ó ń wá a kiri. Bàbá tí ó wọ iṣẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ó kọ́ ilé, tí ó rán ọmọ márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń sọ. Kò purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí ní àkókò tirẹ̀ ni. Kódà nígbà náà, iṣẹ́ ìjọba kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí a ti ń rò ó. Ní ọdún 1975, ìjọba ológun Murtala Muhammed yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ju 10,000 lọ lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì pàápàá ti yí padà. Òfin ọdún 2004 ni ó gbé ètò tuntun kalẹ̀, pé kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ máa dá owó sínú àpò kan tí ó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà. Òfin ọdún 2014 tí ó rọ́pò rẹ̀ sọ pé, ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ san náírà 10 nínú 100 owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san 8. Ó sì mú ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé kò sí owó ìfẹ̀yìntì àfi lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ àná ni ó ń sọ. Ohun tí ó kù fún ọ ni láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbà ọ́ bóyá ó ń san owó náà lóòótọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń pa òfin mọ́. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ní olùkọ́ ìjọba kò lè kọjá ọmọ ọgọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì gbọ́ nípa òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022, tí ó sún un sí 65, tí ó sì sọ iye ọdún iṣẹ́ di 40.

Mo kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀ kí o lè rí i pé ìmọ̀ràn a máa gbó. Kì í ṣe pé kí o lọ sọ fún bàbá rẹ pé ayé ti kọjá òun o! Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, o ti ṣàfojúdi, ìwọ náà ni yóò sì pàdánù. Jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí o bi í léèrè pé, "Bàbá, ọdún wo ni ẹ wọ iṣẹ́? Ta ni ó sọ fún yín? Oṣù mélòó ni ó gba kí wọ́n tó san owó fún yín? Kí ni ẹ̀ bá ṣe bí wọ́n bá dá yín dúró ní ọdún kẹta?" Ìwọ yóò gbọ́ ohun tí kò sí nínú gbólóhùn náà pé "wá iṣẹ́ ìjọba." Ó lè jẹ́ ọjọ́ náà ni ìwọ yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé oko kòkó, tàbí aṣọ tí ìyá rẹ ń tà, ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ ní ọdún tí owó oṣù kò jáde.

ẸNI TÍ A KÌ Í RÍ LÓJOOJÚMỌ́

Ní ọdún 1973, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Mark Granovetter tẹ ìwádìí kan jáde. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú kan nítòsí Boston bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Nínú àwọn tí wọ́n gbọ́ láti ẹnu ènìyàn, nǹkan bí 17 péré nínú 100 ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí déédéé. Àwọn yòókù gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí ẹni tí ojú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan rárá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: àwọn tí ẹ jọ ń gbé, ohun tí o mọ̀ náà ni wọ́n mọ̀.

Amẹ́ríkà kì í ṣe Ìbàdàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ka Gẹ́nẹ́sísì 40 àti 41. Bàbá tí ó fẹ́ràn Jósẹ́fù ju gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ni ó mú un dé ààfin Fáráò, kò sì lè mú un débẹ̀. Olórí agbọ́tí ni, ẹni tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀wọ̀n fún ìgbà díẹ̀, tí ó sì ti gbàgbé rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Nítorí náà, má ṣe fi ìbéèrè rẹ mọ sí inú ilé. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó wà lọ́kàn rẹ, lọ bá nọ́ọ̀sì. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ni ó pè ọ́, wá ẹni tí ó ti kúrò níbẹ̀ rí, kí o sì kí i dáadáa. Má bi í pé ṣé iṣẹ́ náà dára, nítorí ẹnu lásán ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bi í pé kí ni ó máa ń ṣe láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di alẹ́. Bi í bí owó oṣù ṣe ń jáde sí, àti ohun tí ó mú ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú lọ.

RÈHÓBÓÁMÙ BÉÈRÈ LẸ́YÌN TÍ Ó TI YÀN

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń fi 1 Àwọn Ọba 12 kọ́ni pé àgbà gbọ́n, ọmọdé gọ̀. Èmi kò rò pé ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwa Yorùbá náà mọ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tún ẹsẹ 8 kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọba yìí ti kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà sílẹ̀ kí ó tó lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ dàgbà. Kì í ṣe ìmọ̀ràn ni ó ń wá mọ́, ẹni tí yóò sọ ohun tí ó wù ú gbọ́ ni ó ń wá. Ó rí wọn lóòótọ́, ẹ̀yà mẹ́wàá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wo ara rẹ dáadáa níbi yìí. Bí ẹnì kan bá sọ pé kí o má gba iṣẹ́ tí o ti ń fẹ́, tí o ní ọ̀rọ̀ kò yé e, tí èkejì sọ bẹ́ẹ̀, tí o ní ìlara ni, tí ẹ̀kẹta wá ní kí o gbà á, tí o sì ń pè é ní ènìyàn Ọlọ́run, ìwọ ni o dá ara rẹ nímọ̀ràn. Ó sàn kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o sì jẹ́wọ́ rẹ̀, kí o má baà di ẹ̀bi rù wọ́n lọ́la.

ẸNI TÍ YÓÒ JÈRÈ, ÀTI ẸNI TÍ Ó RÍ ÌRAN

Kí o tó tẹ̀lé ìmọ̀ràn, wádìí ohun tí yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó fún ọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí yóò jèrè ni ó ń tan ni. Agbanisíṣẹ́ olóòótọ́ náà ń wá èrè. Ṣùgbọ́n ẹ́jẹ́ǹtì tí ó ní iṣẹ́ ọmọ títọ́jú wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, kí o má ti í sọ fún bàbá rẹ, kí o ṣáà wá fọwọ́ sí ìwé lónìí, èrè tirẹ̀ ti pé lọ́jọ́ tí o bá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ilé sí orí Facebook, ó sì fi iye owó lé e bí ẹni ń ta ẹrù. Àjọ NAPTIP, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 nítorí òwò ènìyàn, ni ó yẹ kí o lọ bi léèrè kí o tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún ọ.

Ti ìran ńkọ́? Àwa Onítẹ̀bọmi gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń darí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ka 1 Àwọn Ọba 13. Wòlíì àgbà kan ní Bẹ́tẹ́lì sọ fún ènìyàn Ọlọ́run kan pé áńgẹ́lì bá òun sọ̀rọ̀, irọ́ sì ni ó pa fún un. Ọkùnrin náà ti mọ ohun tí Ọlọ́run wí fún òun, síbẹ̀ ó tẹ̀lé àgbàlagbà, kìnnìún sì pa á lójú ọ̀nà. Mo ti gbọ́ tí a sọ fún ọmọ tí ó ti ríṣẹ́ pé kí ó má lọ nítorí ìran, tí kò sì sí ẹni tí ó fún un ní kọ́bọ̀ kan ní gbogbo oṣù tí ó fi jókòó sílé. Gbàdúrà fúnra rẹ. Jákọ́bù 1:5 kò ní kí o gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni lọ tọrọ ọgbọ́n.

BÍ A TI Í KỌ ÌMỌ̀RÀN ÀGBÀ

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 21, Pọ́ọ̀lù wà ní ilé Fílípì ní Kesaréà. Ágábù sọ fún un pé ìdè ń dúró dè é ní Jerúsálẹ́mù. Òtítọ́ ni Ágábù sọ, àwọn tí ó ń sunkún tí wọ́n ní kí ó má lọ sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Pọ́ọ̀lù gba ìròyìn wọn gbọ́, ó gba ẹkún wọn sí, síbẹ̀ ó lọ. Ìròyìn jẹ́ ohun kan, ìpinnu jẹ́ òmíràn. Olùdámọ̀ràn lè fún ọ ní ìkíní, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jí ní aago márùn-ún lọ sí ibi iṣẹ́ ni yóò ṣe èkejì.

Bí o bá fẹ́ gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí èyí tí àgbà là sílẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lọ bá a fúnra rẹ, dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, dúpẹ́, kí o sì sọ èyí tí o gbà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí o tó sọ èyí tí o kò lè gbà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ó bá ní kí o má lọ sí Èkó nítorí àwọn ọlọ́ṣà, o lè lọ, ṣùgbọ́n wá ibi tí ìwọ yóò sùn kí o tó gbéra, kí o sì fi orúkọ ẹni tí ìwọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nílé. O ti gba ìmọ̀ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ẹsẹ 14. Nígbà tí àwọn ará rí i pé Pọ́ọ̀lù kò yí ọkàn padà, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì fi í lé Olúwa lọ́wọ́. Wọn kò kọ̀yìn sí i. Ó le fún wa púpọ̀ láti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ní pàtàkì bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà kò bá wá dára mọ́, ilé tí wọ́n kò ti lé ọmọ ni yóò padà sí.

IṢẸ́ ṢÍṢE FÚN KÍLÁÀSÌ

Kí olùkọ́ pín ìwé pélébé fún gbogbo ẹni tí ó wà ní kíláàsì. Kí ẹni tí ó ní iṣẹ́ kọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ọdún tí ó wọ̀ ọ́, ọ̀nà tí ó gbà rí i, àti ọjọ́ tí ó lè jókòó ti ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ẹ má fi àwọn tẹ́lọ̀, mẹkáníìkì àti àwọn olóko sílẹ̀. Kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ kọ iṣẹ́ tí ó wù ú, àti ìbéèrè kan tí kò rí ẹni bi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jíròrò èyí: ní orí kejì Rúùtù, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí Náómì bá ti yan oko fún Rúùtù ní òwúrọ̀? Kí akọ̀wé kó àwọn ìwé náà jọ, kí ó so ìbéèrè mọ́ ẹni tí ó lè dáhùn, kí ó sì mú orúkọ wọn wá ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀.